Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́: ibo ló yẹ ká kó lọ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì?

ÌBÉÈRÈ: Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì ní tiẹ̀. Ẹni ọdún 66 ni, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹbí rẹ̀ ti fi àyè kan hàn wá nínú agbo ilé wọn, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán, pé ká kọ́lé síbẹ̀. Àbúrò mi ní tiẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ wà fún títà lẹ́yìn Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ wa kan wà n'Ibàdàn, àwọn yòókù wà lókè òkun. Ibo lẹ rò pé ó dáa fún wa, kí ló sì yẹ ká yẹ̀ wò ká tó náwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá, ẹ sì kú ìmúra sílẹ̀. Ẹ má tíì kọ́lé síbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ gba ilé gbé fún ọdún kan gbáko ní ìlú tó bá wù yín jù, kí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí yín níbẹ̀. Owó ilé ọdún kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹ máa kọ́ tán tí kò ní ṣeé gbé.

Ohun tó ń ba irú ìpinnu báyìí jẹ́ jù ni pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló ń yan ibi tí ẹni ọgọ́rin ọdún máa gbé. Lónìí, ẹ ṣì ń wa mọ́tò, ẹ ṣì lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò dà yín láàmú. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò yìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé bàbá kò lè wa mọ́tò mọ́, tí ẹ̀yin náà kò sì lè gbé nǹkan tó wúwo.

Ìlera bàbá ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà, ewu àrùn rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn, kídìnrín àti ojú sún mọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Bí rọpárọsẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré ni àyè wà láti fún aláìsàn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán orí rẹ̀. Àkókò tí ẹ fi ń wá mọ́tò, tí ẹ fi ń wá ọ̀nà tó dáa, inú wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ yẹn náà ló wà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ta Ọ̀yọ́ yọ. Ilé ìwòsàn ńlá méjì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ló wà nínú ìlú náà: ti Yunifásítì Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ti Onítẹ̀bọmi, tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1907, àti ti LAUTECH. Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá le, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ibàdàn, ni ẹ máa forí lé, ìyẹn bíi kìlómítà 50 sí 55. Ọ̀nà yẹn kò burú lọ́sàn-án. Lóru ni kí ẹ rò ó sí.

Síbẹ̀, kí ilé ìwòsàn wà nílùú kò túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ nílò wà níbẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn onítọ̀ ṣúgà. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ CT. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, àti bóyá dókítà ojú máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú orúkọ oògùn bàbá lọ sí ilé oògùn méjì, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń tà á, kì í ṣe pé wọ́n máa bá yín ra á wá láti Ìlọrin. Èyí tó kù ni ọ̀nà: láago mọ́kànlá alẹ́, kí ló máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọlọ́kadà àti onímárúwá máa ń ti wọlé nígbà yẹn. Ẹ nílò nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó ní mọ́tò, tí wọ́n ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú yín.

Kí ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi ọ́fíìsì yín léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé NHIA yín, ìyẹn adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì. Bí ó bá máa dópin, OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ètò fún ẹni tó fẹ́ dá owó san fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè àìsàn tí wọn kì í san owó rẹ̀, àti iye oṣù tí ẹ máa dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Omi ló tẹ̀ lé e, òun ni àwọn èèyàn kì í kà sí tó. Orí àpáta líle ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò tẹ́ kálẹ̀ níbẹ̀. Inú apá òkè tí àpáta ti jẹrà, àti inú ibi tó ti sán, ló máa ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí kànga dẹ̀rọ onílé kan fi ń tú omi jáde, tí ti aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ogún mítà sí i fi gbẹ táútáú. Tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ sanwó fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá omi lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó pe àwọn agbẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí owó ihò tí kò ní omi. Bí ó bá jẹ́ kànga ọlọ́wọ́ ni, oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, nítorí ìgbà yẹn ni omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ. Kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ títí omi inú rẹ̀ fi máa ga tó mítà mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Kànga tí wọ́n gbẹ́ nígbà òjò ló ń di ìbànújẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Kí ó jìnnà sí sókàwéè, ti yín àti ti aládùúgbò, tó 30 mítà, kí ó sì wà lápá òkè, kí ìdọ̀tí má bàa ṣàn wọ inú rẹ̀.

Èèyàn méjì tó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alómi máa ń lo bíi 200 lítà lójúmọ́. Tánkì 1,000 lítà á tó yín fún ọjọ́ márùn-ún. Tánkì 2,000 lítà ni a ń gbà yín nímọ̀ràn, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè kò lè ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fojú kéré omi òjò náà. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó 100 mítà níbùú lóròó, òjò tó rọ̀ ní mìlímítà mẹ́wàá máa ń fún yín ní bíi 800 lítà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èyí tó ṣòfò.

Ní ti iná, ẹ béèrè lọ́wọ́ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, irú báńdì tí ojú pópó yẹn wà: A jẹ́ ogún wákàtí iná lójúmọ́ ó kéré tán, B mẹ́rìndínlógún, C méjìlá, D mẹ́jọ, E mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ẹ bi oní fíríìjì tó ń ta mínírà ní ìkángun ojú pópó náà. Òun ló máa sọ bó ṣe rí gan-an, bí insulin bá sì wà lára oògùn bàbá, ọ̀rọ̀ fíríìjì kọjá mínírà tútù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló máa gba àlàyé díẹ̀ sí i. Àyè tí ẹbí fi hàn yín ní Ọ̀yọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni. Bí ẹ bá kọ́lé síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lo ilé, ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí, ẹ ò sì lè tà á tàbí fi í yá owó ní báńkì láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Lábẹ́ àṣà wa, aya kì í jogún ilẹ̀ ẹbí ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún. Bí bàbá bá ṣáájú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́, owó ìfẹ̀yìntì tiyín tó wọ inú ilé yẹn lè di ohun tí ẹ ò ní àṣẹ lé lórí mọ́. A kò sọ pé ẹbí ọkọ yín burú. Àwọn tó fi àyè hàn yín lónìí lè má sí mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ wọn lẹ máa bá pàdé. Tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, níbi yòówù, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé rẹ̀, kí lọ́yà sì bá yín kọ ìwé ìhágún.

Bí ẹ bá ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó ń ṣojú fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí olórí ẹbí nìkan bá tà á, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà níbẹ̀ rárá lójú òfin. Rìsíìtì lásán kò tó. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí ó sì mú nọ́ńbà igun rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ n'Ibàdàn láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Kí lọ́yà yín, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà, wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Bí ilẹ̀ bá ti ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè pé kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ẹ wọn ilẹ̀ lójú ara yín. Ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ 60 lọ́nà 120 ẹsẹ̀ bàtà fún, tó sì jẹ́ 50 lọ́nà 100 ni wọ́n fi ọ̀pá sí, ti pàdánù 2,200 nínú 7,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó.

Ẹ̀yìn Under G kò wù wá fún yín. Àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ ni: ariwo àti jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ìdákẹ́jẹ́ tó ń pe olè nígbà tí wọ́n bá lọ sí ìsinmi. Bí ẹ bá sì lọ jìnnà sí i, ọ̀nà kò tíì dáa. Ẹ wá ilé tí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé yín láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn méjèèjì yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọjà, ilé oògùn àti ilé ìjọsìn kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Kí ó jẹ́ ilé ilẹ̀, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí yàrá, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lójú kan. Ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 kò ní gba àga onítáyà. Ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀, gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjìlá gíga rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí àpapọ̀ gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 máa gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mítà mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ri irin ìdìmú mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́lé, nítorí pé èyí tí wọ́n bá kàn sára táìsì lẹ́yìn máa ń fà jáde nígbà tí àgbàlagbà bá gbára lé e. Táìsì dídán inú balùwẹ̀ ni ọ̀tá tó sún mọ́ àgbàlagbà jù lọ. Èyí tí ojú rẹ̀ kò dán ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ ṣòro díẹ̀ láti fọ̀.

Ọmọ yín tó wà n'Ibàdàn ló ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀yọ́ sún mọ́ ọn ní ìdajì ọ̀nà. Ògbómọ̀ṣọ́ tó kìlómítà 100, iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń fà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọ yìí bá jẹ́ ẹni tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ ro Ọ̀yọ́ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìlera bàbá ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ẹ lè gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé bàbá lọ gbé ìlú àna rẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ilẹ̀ tí ẹ fúnra yín rà, tí kò sí nínú agbo ilé ẹbí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, fi dáa ju àyè tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bá yọ̀ǹda fún yín. Bíi kìlómítà 50 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, bàbá lè lọ sí ìpàdé ẹbí l'Ọ́yọ̀ọ́ kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ohun tó ń fẹ́. Ọkùnrin tí kò ní ẹgbẹ́ tó máa bá ṣeré ayò, tí kò ní ẹni tó ń kí i káàárọ̀ lórúkọ, ń ṣàárẹ̀ kíákíá.

Owó: nínú ètò ìfẹ̀yìntì tuntun, ẹ máa gba owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó kù á sì máa wọlé lóṣooṣù. Òfin ní kí iye tó kù tó láti san, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù tí ẹ ń gbà nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ má jẹ́ kí ilé gba ju ìdajì owó àkọ́gbà náà lọ, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ àti oògùn oṣù mẹ́fà sílẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ilé tó wù yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín iye yàrá kù sí méjì. Àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun kò ní wá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún, yàrá kan á sì gbà wọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé tí ẹ máa gbà gbé ní oṣù kọkànlá, kí ẹ kó wọlé kí ọyẹ́ tó mú, kí ẹ̀ẹ̀rùn lè fi kànga inú ọgbà náà hàn yín.