Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò yín l'Óṣogbo: ẹ má jẹ́ kí ará ilé fọwọ́ síwèé

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní ẹ ò sí nílé nígbà tí ọlọ́pàá wá sílé yín l'Óṣogbo, àbúrò yín ń ya wọ́n ní fídíò, wọ́n já fóònù gbà, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó ṣẹ̀. Kò ṣẹ̀ rárá. Òfin ò ní kéèyàn má ya ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ká má tíì sọ nínú ilé ara ẹni. Kó ṣáà má dí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Gbígbé e sí Facebook lọ́tọ̀ o, òfin Cybercrime 2015, ìyẹn òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bani.

Ó ṣe wá rí. Ayálégbé tó jẹ wá lówó ilé ló kó wọn wá bá ìyá mi l'Ókè-Fìà. Gbèsè! Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ torí àdéhùn tó bàjẹ́ mú èèyàn. Màámi bèèrè wáráǹtì, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, wọn ò mú un wá. Bí àbúrò mi ṣe gbé fóònù sókè, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ bo orúkọ tó wà láyà rẹ̀, èkejì sì já fóònù náà gbà. Inú ṣì ń bí mi.

Níbi tó ti bà jẹ́ gan-an nìyí. Bàbá wa kékeré lọ bẹ̀ wọ́n lálẹ́. Ó sanwó kí wọ́n tó dá fóònù padà. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé fóònù pé, pé òun ò ní ẹ̀sùn kankan. Fídíò ti lọ. Nígbà tí lọ́yà wa kọ̀wé ẹ̀sùn, ìwé yẹn náà ni wọ́n fà yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo ẹbí lálẹ́ òní: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkan kan kí lọ́yà tó kà á, kí àbúrò yín má sì fún wọn ní password.

Ẹ fún lọ́yà níwèé àṣẹ láti ṣojú yín, ìyẹn ò le. Kó kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá Ọ̀ṣun, kó sì tọ́ka sí abala 37 ìwé òfin 1999 tó dáàbò bo ilé onílé. Wọ́n á fi yín ṣe wá lónìí wá lọ́la, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Tí wọ́n bá tún wá, tí wáráǹtì sì wà lọ́wọ́ wọn, kí ará ilé ṣílẹ̀kùn. Kí àbúrò yín fi fídíò pè yín lórí WhatsApp, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ká fídíò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún.