Káàdì àwìn àti èlé: ọ̀nà wo ló kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí ni mí, mi ò sì fẹ́ kí èlé kan owó mi mọ́, ni mo bá dá káàdì àwìn mi padà fún báǹkì. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ háyà mọ́tò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá ti ń san gbèsè náà tán lásìkò, kò sí èlé níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpinnu o. Òótọ́ wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ẹni tó bá san gbogbo gbèsè ọjà kó tó di ọjọ́ tí báǹkì dá kì í sábà san èlé. Inú ìwé àdéhùn ni wàhálà wà: ẹ ti buwọ́ lù ú pé tí ẹ bá pẹ́, ẹ ó san èlé. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, fi sọ ní Riyadh ní Saudi Arabia lọ́dún 2000 pé irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò tọ́, kódà kó wà lọ́kàn èèyàn láti san án lásìkò. Àwọn àáfà kan gbà á láyè. Oníṣirò owó ni mí, mi ò ní dá sí ìyẹn; ẹ bi àáfà yín.

Ohun tí mo mọ̀ ni bí gbèsè náà ṣe ń rìn. Ká ní ẹ jẹ 1,000, èlé jẹ́ 2 nínú 100 lóṣù, báǹkì sì ní kí ẹ san 25 ó kéré tán. Èlé gbé 20 lọ, 5 péré ló bọ́ lára gbèsè. Tí ẹ bá sì fi káàdì náà gba owó lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lo káàdì tó ń fa owó tiyín nínú àkáǹtì (debit card). Ọ̀pọ̀ onímọ́tò àti òtẹ́ẹ̀lì ló ń gbà á, àmọ́ wọ́n máa ń de owó díẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí 500 bá wà nílẹ̀ tí wọ́n de 300, 200 lẹ lè ná, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sì ya àkáǹtì kékeré kan sọ́tọ̀ fún un. Tí olè bá rí nọ́ńbà káàdì, kò ní kan owó oúnjẹ ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí báǹkì má ṣe jẹ́ kí ẹ ná kọjá ohun tó wà nínú àkáǹtì. Ibẹ̀ ni èlé ti ń yọ́ wọlé bá ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé àwọn ti bọ́.

Ọjọ́ ìṣòro ló le jù, torí òun ló ń lé èèyàn padà sídìí káàdì àwìn. Ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, títí yóò fi tó owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́ta. Tó bá di pé ẹ fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ará láìsí èlé, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó san án sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí Súúrà Bàkárà ẹsẹ 282 ṣe pàṣẹ, kí ẹ̀yin àti olówó sì mú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.