Ibùdókọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣètò: Ìdáhùn Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ya Àwòrán BRT Fún Ìlú Kan Ní Ṣáínà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣáínà. Olùkọ́ wa ní kí a ya àwòrán ètò BRT, ìyẹn ètò bọ́ọ̀sì ayára tó ní ojú ọ̀nà àti ibùdókọ̀ tirẹ̀, fún ìlú tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, tí àdúgbò tuntun sì ń yọ ní gbogbo etí rẹ̀. Mo ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ sáàárín títì, mo sì fi bọ́ọ̀sì gígùn sí i, ṣùgbọ́n olùkọ́ dá iṣẹ́ náà padà, ó ní ọ̀nà ni mo ṣètò, n kò tíì ṣètò BRT. Kí ni ó ń sọ? Báwo ni àwọn ìlú Ṣáínà tí tiwọn yọrí sí rere ṣe ṣe é, kí ni ó sì yẹ kí n kọ́kọ́ ṣírò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ, àmọ́ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí mo ti rí ìwé ètò tí àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ojú ewé ṣàlàyé ọ̀dà àti kọnkéré, tí wọ́n wá fi ìpínrọ̀ kan péré sọ̀rọ̀ nípa ibi tí èrò yóò ti wọ ọkọ̀. Ohun tó ń pinnu iye èrò tí BRT lè gbé kì í ṣe fífẹ̀ ọ̀nà, kì í sì í ṣe gígùn bọ́ọ̀sì. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ni. Ọjà tí ọ̀nà inú rẹ̀ gbòòrò bí títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnu ibodè rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, iye tí ẹnu ibodè bá gbà ni yóò wọlé. Bọ́ọ̀sì tó wà lórí ìrìn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní kété tó bá dúró láti gbé èrò, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ẹ gbà pé àyè kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀sì lè dúró sí ní ibùdókọ̀ kan, àti pé 20 èrò ni yóò wọ bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú awakọ̀ ni wọ́n ti ń sanwó, tí wọ́n sì ń gun àtẹ̀gùn wọlé, èrò kọ̀ọ̀kan lè gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, ìyẹn 50 lápapọ̀. Ẹ fi 10 kún un fún wíwọlé àti jíjáde bọ́ọ̀sì, ó di 60. Bí wọ́n bá ti sanwó kí wọ́n tó dé orí pèpéle tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, tí pèpéle náà ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú bọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fẹ̀, tó ju ẹyọ kan lọ, 20 èrò yẹn lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 30. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pín gbogbo rẹ̀ tán, nítorí bọ́ọ̀sì kì í dé ní déédéé: méjì lè dé pọ̀, kí ẹ̀kẹta sì pẹ́. Àwọn tó ń ṣètò BRT sábà máa ń gbà pé bí ọkọ̀ bá ti wà nínú àyè kan ju ìdá 40 nínú 100 àkókò lọ, ìlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ìdá 40 nínú 100 ti 3,600 ni 1,440. Tí a bá pín in sí 60, ó di bọ́ọ̀sì 24 ní wákàtí kan, tí a bá sì pín in sí 30, ó di 48. Títì kan náà ni, iye èrò kan náà ni. Ibi tí a ti gba owó, gíga pèpéle àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ wá fi èyí wo Guangzhou, ìlú ńlá kan ní gúúsù Ṣáínà. BRT orí Zhongshan Avenue bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2010, oṣù díẹ̀ kí ìlú náà tó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Éṣíà. Gígùn rẹ̀ tó bíi kìlómítà 22.5, ibùdókọ̀ 26 ni ó wà lórí rẹ̀, kò sì pẹ́ tí iye èrò tó ń lò ó lójúmọ́ fi tó 800,000. Ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù nígbà náà, bọ́ọ̀sì bíi 350 ni ó ń kọjá sí apá kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n sì ń gbé èrò bíi 27,000 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ni kì í gbé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pín 350 yẹn sí 48 inú ìṣirò wa, ẹ ó rí i pé kò lè dín ní àyè mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ibùdókọ̀ Gangding fi gùn ju mítà 200 lọ. Wọ́n pín in sí abala-abala, ìlà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ abala tirẹ̀, wọ́n sì fi ojú ọ̀nà kejì kún un ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, kí èyí tó ti gbé èrò tán lè yà kọjá lára èyí tó ṣì dúró. Láìsí ojú ọ̀nà kejì yìí, àyè mẹ́jọ tó tò tẹ̀lé ara wọn kò ní ṣiṣẹ́ àyè mẹ́jọ, torí pé ẹyọ kan tó bá pẹ́ níwájú ti há gbogbo àwọn tó kù mọ́. Ibùdókọ̀ tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ kúrú ju Gangding lọ dáadáa. Bí aránṣọ ti ń wọn ènìyàn kí ó tó gé aṣọ ni wọ́n ṣe fi iye èrò wọn ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kunming ni ó kọ́kọ́ ya ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ sáàárín títì ní Ṣáínà, ní ọdún 1999, pẹ̀lú ìmọ̀ràn láti Zurich, ìlú tí wọ́n jọ ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì la ọ̀nà fún àwọn tó tẹ̀lé e. Ibi tí Kunming ti bẹ̀rẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ tiyín dé báyìí: ojú ọ̀nà ti wà, ibùdókọ̀ ni kò tíì sí.

Èkejì tí mo fẹ́ kí ẹ rò jinlẹ̀ ni ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ní Beijing, apá àkọ́kọ́ ìlà kìn-ín-ní BRT, tó ti Qianmen lọ sí gúúsù ìlú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2004, wọ́n sì parí ìyókù ní ìparí ọdún 2005. Pèpéle kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ sáàárín títì fún àlọ àti àbọ̀, èyí sì mú kí wọ́n lo bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì, ní orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti ń rìn lápá ọ̀tún. Ó dín ilẹ̀ tí wọ́n ní láti lò kù, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò lè yà lọ gbé èrò ní etí títì mìíràn, nítorí àárín ọ̀nà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò kọjú sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ìlà náà ní láti wọ ọkọ̀ kan dé ibẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tún wọ òmíràn. Ní Guangzhou, ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún, pèpéle àlọ yàtọ̀ sí ti àbọ̀, ìlà ọkọ̀ 31 ni ó sì ń lo ojú ọ̀nà náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ti oríṣiríṣi àdúgbò wá, wọ́n á wọ inú rẹ̀ níbi tí títì ti dí jù, wọ́n á sì tún jáde lọ sí ibi tí èrò ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ sí èyí tó ń lọ sí apá kan náà lè ṣe é lórí pèpéle láìsan owó mìíràn. Zhengzhou náà ṣe ohun tó jọ ọ́ ní ọdún 2009: ìlà tó yí ìlú po lórí òpópónà òrùka kejì, pẹ̀lú àwọn ìlà ẹ̀ka tó ń ti àdúgbò wọlé sí i.

Fún ìlú tó ń dàgbà, ọ̀nà ti Guangzhou ni èmi yóò yàn láìṣiyèméjì. Àdúgbò tí kò sí lórí àwòrán yín lónìí lè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún olùgbé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó sì rọrùn láti fa ìlà ọkọ̀ dé ibẹ̀ ju kí a tún lọ da kọnkéré lọ. Ohun tí ó ń ná wa ni pé bọ́ọ̀sì yóò pọ̀ ní ojú ọ̀nà, nítorí náà ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ gùn, kí ó sì ní ojú ọ̀nà ìyàkọjá. Ìlú tó bá gba ìlà ọkọ̀ púpọ̀ wọlé tí ó sì kọ́ ibùdókọ̀ kúkúrú yóò rí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bọ́ọ̀sì nìkan, èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ lọ ka èrò. Ẹ rán ènìyàn wọ gbogbo ìlà bọ́ọ̀sì tó ń gba títì náà ní àárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti iye tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ìlà kan ń lo títì yín fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, àwọn mìíràn sì ń fọwọ́ kàn án ní ibùdókọ̀ kan tàbí méjì péré. Ẹ gba ti ìṣáájú wọlé, ẹ jẹ́ kí ti ìkẹyìn máa gba etí títì rẹ̀ lọ. Ní àdúgbò tuntun, ẹ má ṣe fi rúlà wọn bí ènìyàn yóò ṣe rìn dé ibùdókọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn ìlú Ṣáínà ni ó wà nínú ọgbà ńlá olódi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ń wo ibùdókọ̀ láti ojú fèrèsé lè rìn ju ìdajì kìlómítà lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Ibi tí ẹnu ọ̀nà ọgbà wà ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ibi ìgbékẹ̀kẹ́-sí sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ ológeere àti alùpùpù oníná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rin ìrìn kúkúrú níbẹ̀. Ọdún kan náà tí BRT bẹ̀rẹ̀ ní Guangzhou ni wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ológeere ti gbogbo ènìyàn sí àyíká àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀.

Oríta ni ó tún máa ń pa ètò tó dára. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wà láàárín títì tí ó ń lọ tààrà, ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà sí òsì yóò dá ọ̀nà rẹ̀ kọjá, iná tó ń darí ọkọ̀ á sì ní láti fún un ní àkókò tirẹ̀. Àkókò mẹ́rin lórí iná kan túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀sì á dúró pẹ́. Ẹ fòfin de yíyà sí òsì níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ọkọ̀ lọ yí padà níwájú tàbí kí ó gba òpópónà ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì kọ́ ibùdókọ̀ mọ́ ẹnu oríta, nítorí bọ́ọ̀sì tí iná pupa dá dúró yóò tò padà wọ inú ibùdókọ̀, gbogbo ìṣirò tí a ṣe lókè á sì dàrú. Ọlọ́pàá ojú pópó ni ó ń ṣàkóso iná ní Ṣáínà, nítorí náà ẹ pè wọ́n sí ìjókòó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i, iṣẹ́ ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà ní yàrá ìṣàkóso gbọ́dọ̀ máa rí ibi tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè dá èyí tó ń sáré lé ti iwájú dúró díẹ̀, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì òfìfo ránṣẹ́ síbi tí èrò ti kún. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń dúró gẹ́lẹ́ ní ẹnu àyè rẹ̀, kí àlàfo tí ọmọdé lè tẹsẹ̀ bọ̀ má ṣe sí láàárín ọkọ̀ àti pèpéle. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ju ọ̀kan lọ bá ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà kan, iye kìlómítà tí wọ́n rìn pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pa àkókò mọ́ ni kí a fi sanwó fún wọn. Bí a bá fi orí èrò sanwó, ìjà èrò á bẹ̀rẹ̀ lójú pópó.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ìlú yín kò dúró de ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Láti ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ Ṣáínà ní ìlú tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní olùgbé mílíọ̀nù mẹ́ta nínú ìlú, ọrọ̀ ajé tó tó bílíọ̀nù 300 yuan lọ́dún, àti owó tó ń wọlé fún ìjọba ìlú tó tó bílíọ̀nù 30 yuan. Ìlú tí olùgbé rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjì kò tó bẹ́ẹ̀. Yichang, tó wà létí odò Yangtze, kò dúró: BRT rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú owó yíyá láti Ilé Ìfowópamọ́ Ìdàgbàsókè Éṣíà, ó sì gba ẹ̀bùn àgbáyé fún ìrìnnà alálòpẹ́ ní 2016. Xiamen gbé tirẹ̀ gun orí afárá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ó yára, kò sì bá oríta jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, èrò sì ní láti gun òkè kí ó tó wọ ọkọ̀. N kò ní gba ìlú yín níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí títì rẹ̀ bá fẹ̀ tó.

Fún iṣẹ́ tí ẹ ó tún gbé lọ fún olùkọ́ yín, ẹ mú ibùdókọ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà. Ẹ ṣírò iye bọ́ọ̀sì tí yóò kọjá níbẹ̀ ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù àti iye àyè tí wọ́n nílò, kí ẹ sì yà á sínú ìwé pẹ̀lú pèpéle, ẹ̀rọ ìsanwó, ojú ọ̀nà ìyàkọjá àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti sọdá. Nígbà tí ẹ bá mọ bí ó ṣe fẹ̀ tó, ẹ ó mọ iye títì tó kù fún àwọn ọkọ̀ mìíràn.