Ó ń náwó fún wa, ó sì ti mọ ilé mi: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọrin obìnrin ni mí nínú bándì kan n'Ìbàdàn. A máa ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a sì máa ń lọ òde ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí alàgbà kan ti ń wá sí gbogbo eré wa, owó tó sì ń ná fún wa kò kéré. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń pè mí lóru, ó ń pè mí ní "ìyàwó mi" lójú èrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níwájú ilé mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ó tún ti san ₦150,000 àsansílẹ̀ fún ọ̀gá wa ká wá ṣeré ọjọ́ ìbí òun lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá ní kí n fara dà á, pé oníbàárà ni. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Olólùfẹ́ orin lè wá sí gbogbo eré, ó lè náwó títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ohun tí à ń wò ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti sọ pé ẹ ò fẹ́. Ẹni tó nítara lásán, tó bá gbọ́ "rárá", ojú á tì í fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, á wá padà wá jókòó jẹ́ẹ́. Tiyín gbọ́, ó sì lọ wá ilé yín rí. Èyí ti kọjá ọ̀rọ̀ ìfaradà, kí ọ̀gá yín má bínú.

Iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń bọ́ ìwà rẹ̀ yìí. Akọrin òde àríyá ń jẹun lórí kíki èèyàn. Ẹ ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ ó wo ojú rẹ̀, ẹ ó ní kò sí irú rẹ̀ láyé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé mọ̀ pé owó lòun fi ra ìyẹn, orin ìdajì wákàtí ni. Ẹlòmíràn gbé e lọ sílé, ó gbà á gbọ́. Nítorí náà, láti eré yín tó kàn, oríkì rẹ̀ ò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde mọ́. Bó bá náwó, olórí bándì tàbí àwọn elégbè ni kó kì í, kí ẹ̀yin máa wo apá ibòmíràn. Kò sí ẹni tó máa fura, òun nìkan ló máa mọ̀ pé nǹkan ti yí.

Ẹ ní ẹ bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó dópin. A kì í fẹ́ já àgbà kulẹ̀ ní tààrà, la fi máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná", "iṣẹ́ ló pọ̀", "ọkọ mi ò ní gbà". Létí irú èèyàn yìí, "kò tíì tó àsìkò" ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọkọ ṣe àwáwí, á máa ṣọ́ ọjọ́ tí ọkọ ò ní sí ńlé. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí nọ́ńbà tó mọ̀, láìsí àlàyé kankan:

"Alàgbà, ẹ kú àsìkò yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹ pè mí mọ́, mi ò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ẹ̀bùn yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ wá sí ilé mi tàbí àdúgbò mi. Mi ò ní dáhùn mọ́."

Ìkíni kan yẹn ti tó fún ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Ibẹ̀ ló le jù, torí pé ìpè á kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó dín kù. Bó bá pè nígbà 40 láìgbé e, tí ẹ wá gbé ìkọkànlélógójì láti fi bú u, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpè 41 ló ń gbà kóun tó gbóhùn yín. Bí ti onítẹ́tẹ́ ni. Ẹni tó jẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ogún ìgbà kì í fi Baba Ìjẹ̀bú sílẹ̀.

Ẹ má tíì dí nọ́ńbà rẹ̀ pa. Á ra síìmù mìíràn, ẹ̀rí á sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ra síìmù tuntun fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, kí èyí tó mọ̀ wà nínú fóònù kan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, tí á máa gba ohun tó bá wọlé, tí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí WhatsApp, ẹ pa àmì búlúù tó ń fi hàn pé ẹ ti kà á, kí ẹ sì fi àwòrán àti ìgbà tí ẹ wà lórí ìlà pamọ́. Àwòrán òde tí ẹ lọ, ẹ̀yìn tí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ ni kí ẹ gbé e síta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akọrin kì í wò ni àkáùntì. Bí ẹ bá ń ka nọ́ńbà OPay yín lórí gbohùngbohùn kí àwọn èèyàn lè fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà fóònù yín ni ẹ̀ ń kà, òdo iwájú nìkan ni wọ́n yọ. Orúkọ yín tó pé á tún jáde lójú fóònù ẹni tó fẹ́ san owó. Àkáùntì bándì ni kí gbogbo rẹ̀ máa lọ. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà ìpè mọ́ tún lè fi ₦50 ránṣẹ́ kó lè rí ibi kọ ọ̀rọ̀ sí lára tìránsífà náà. Ẹ má fèsì, ẹ má dá ₦50 padà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kí ẹ fi pamọ́.

Lórí ìtàgé, owó kò gbọdọ̀ kàn yín níwájú orí tàbí láyà mọ́. Ẹ gbé abọ́ ńlá kan síwájú, kí ọmọ bándì kan dúró tì í. Àwáwí tó dára wà nílẹ̀: abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ nínáwó mọ́ èèyàn lára di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ọ̀rọ̀ náírà ní oṣù kẹrin 2024, ẹni tó bá ní ẹ̀ ń ṣàṣejù kò mọ ohun tó ń lọ.

Ẹ lo gbohùngbohùn tí kò ní okùn, kí ẹ sì to àwọn sípíkà ilẹ̀ sáàárín yín àti èrò. Ẹ jọ fẹnu kò sí àmì kan pẹ̀lú onígángan. Bí ẹ bá fọwọ́ kan etí lẹ́ẹ̀mejì, á fi ìlù sọ gbólóhùn kan tí gbogbo bándì mọ̀. Olórí á gba orin, elégbè méjì á sún síwájú, ẹ̀yin á bọ́ sẹ́yìn onílù. Àwọn àlejò á rò pé orin ló yí.

Ìgbà tí eré parí ló léwu jù. Ẹ̀yìn eré ni wọ́n yìnbọn pa Christina Grimmie, akọrin ọmọ ọdún 22, ní Orlando ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà 2016, níbi tó ti ń kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Lásìkò yẹn gbogbo bándì ń tú irinṣẹ́, báúnsà ń wá owó tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ ti kúrò kí wọ́n tó tú irinṣẹ́, pẹ̀lú èèyàn méjì, kí ó má sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ẹ fún mẹ́gáàdì àti lánlọ́ọ̀dù yín ní nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dé tí ẹ bá a níwájú ilé, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Kí ọkọ̀ máa lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tàbí ilé epo tí iná wà.

Ẹ bá mánéjà hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìgò tí alàgbà ń rà ń dùn mọ́ ọn. Ohun tí kò ní ná an lówó ni kí ẹ béèrè: tábìlì ẹ̀yìn fún ọkùnrin náà, kó má wọ yàrá tí ẹ ti ń múra, kí òṣìṣẹ́ má sọ àsìkò tí ẹ ń dé. Ẹ wádìí àárín bándì yín náà pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ bándì ló gba ₦2,000 tó fi nọ́ńbà akọrin sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ bándì má sì lu alàgbà náà o. Bí wọ́n bá lù ú, òun ló máa di olùpẹ̀jọ́. Ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook náà.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, ohun tó ṣe àti ẹni tó rí i. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun tó bá tinú ẹ̀rọ jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé tó jẹ́rìí sí ẹ̀rọ náà, nítorí náà ẹ má ta fóònù yẹn, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Abala 17 òfin ìwà ipá sí ọmọnìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, ti 2015, fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 tàbí ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì, sórí títọ èèyàn lẹ́yìn kiri. Abuja ni ìyẹn dè. Ọ̀yọ́ ti ṣe tirẹ̀, ìyẹn ni kí agbẹjọ́rò yín fà yọ. Bó bá fi ikú tàbí ìpalára halẹ̀ mọ́ yín lórí fóònù, abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ọlọ́pàá lè bi yín pé, "Ṣebí ẹ̀ ń gbowó rẹ̀?" Ẹ ní owó iṣẹ́ bándì ni. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kọ hàn án, àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ka ohun tó ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà fún un.

Ó ku ₦150,000. Bí bándì bá gba òde yẹn, wọ́n ti ta alẹ́ kan fún un láti fi wà lọ́dọ̀ yín, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n kó má ti ọwọ́ yín kọjá. Ní Koganei, ní Tokyo, ní oṣù karùn-ún 2016, ọkùnrin kan gún ọ̀dọ́bìnrin olórin kan lọ́bẹ nígbà tó ń lọ ṣeré, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin náà ti dá ẹ̀bùn rẹ̀ padà fún un. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó ti lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí kó tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá yín ni kó fi owó náà ránṣẹ́ láti àkáùntì bándì sí àkáùntì tó ti wá, kó kọ ọ́ pé bándì kò ní ráyè lọ́jọ́ náà, kó má dárúkọ yín rárá. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yín ránṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé tẹ́ṣàn, tí mẹ́gáàdì sì ti gba nọ́ńbà ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀ lé e, inú á ṣì máa bí i, kí ẹlòmíràn kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.