Ṣé táyà ńlá lè wọ Hilux àtijọ́ láì gbé ọkọ̀ sókè?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux ọdún 1998 ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìjàyè wá sí Bódìjà. Bí òjò bá ti rọ̀, ikùn ọkọ̀ á máa họ ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ó sì ti rì sẹ́rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. 225/75R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní kí n ra 31x10.50R15, pé á wọ̀ ọ́ láì gbé ọkọ̀ sókè. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn o, ẹ sì kú ẹrẹ̀ òjò yìí. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan láìrẹrù, 31 náà á wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá wá di ẹ̀gẹ́ sí i, tí ẹsẹ̀ iwájú kan kó sí kòtò níbi tí ẹ ti ń yí sítíárìn, àyè ò ní gbà á mọ́. 235/75R15 ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Sípíríǹgì ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ru ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 225 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 75 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, 15 ni ríìmù ní íǹṣì. Táyà yín ga tó mìlímítà 718. 235/75R15 ga tó 733. Ti 31, íǹṣì ni wọ́n fi wọn gíga rẹ̀, ó tó mìlímítà 787. Ìdajì ohun tó fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ ló máa bọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ìdajì kejì á gbòkè lọ bá mọ́gáàdì. Nítorí náà 31 á fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 34, bí ìka ọwọ́ méjì. 235 á fún yín ní 7 tàbí 8 péré.

Mi ò sọ pé èrò yín ò dáa o. Ohun tó sábà ń sún mọ́ ilẹ̀ jù lábẹ́ irú ọkọ̀ yìí ni dífù, igbá irin roboto tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Àwọn tó ń fi búlọ́ọ̀kù irin gbé ọkọ̀ sókè, ara ọkọ̀ àti ẹrù ni wọ́n ń gbé. Dífù ò kúrò níbi tó wà, torí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló dúró lé. Táyà nìkan ló lè gbé dífù. Ikùn ọkọ̀ tó kù, ọwọ́ sípíríǹgì ló wà.

Ọkọ̀ tó ti lò ju ogún ọdún lọ lábẹ́ ẹrù, sípíríǹgì rẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín ríìmù dé etí mọ́gáàdì, lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí kò rẹrù àti nígbà tó bá rẹrù. Bí irin pẹlẹbẹ náà bá ti tẹ́ bí àdá láìrẹrù, tàbí tó ń tẹ̀ sódì bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, ẹ wá sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ yín mu. Èyí tó dáa lè dá íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ padà fún yín, á sì gbé mọ́gáàdì jìnnà sí táyà.

Ní ti ẹrẹ̀, ojú táyà ṣe pàtàkì ju títóbi rẹ̀ lọ. Táyà ojú ọ̀nà ọ̀dà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan nínú ẹrẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á dí, á wá dán bí igbá. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí àlàfo fẹ̀ láàárín rẹ̀.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tó ti de 31 mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Lórí ìdúró, ọwọ́ mi kọjá láàárín táyà àti mọ́gáàdì. Ó lọ kó iṣu. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà: èjìká táyà iwájú ti bó bí iṣu tí wọ́n bẹ, okùn inú rẹ̀ ti hàn, ẹ̀rún rọ́bà dúdú sì kún ẹ̀yìn bọ́ńpà. Ó ní òun ti ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó láti Mọ́níyà, òun rò pé ti tírélà iwájú ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo ẹfun. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ fi kun inú mọ́gáàdì, igun bọ́ńpà àti irin férémù tó kọjú sí táyà. Bó bá gbẹ, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì, ẹ yí sítíárìn dé òpin, ẹ sì rọra gun búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú kan. Ẹ ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kejì náà. Ibi tí ẹfun bá ti nù ni táyà ti ń kan nǹkan. Bó bá jẹ́ rọ́bà inú mọ́gáàdì ni, ẹ gé díẹ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ etí irin, kí panẹ́ẹ̀bítà lù ú tẹ́, kó sì kùn ún lọ́dà kó má baà dógùn-ún. Bó bá jẹ́ férémù tàbí apá ẹsẹ̀ iwájú ló ń kàn, ẹ tú táyà náà kúrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin kún ẹ̀yìn ríìmù láti tì í síta. Bíárìn ló máa jìyà rẹ̀, mi ò sì ń ṣe é fún ọkọ̀ ẹrù.

31 tún fẹ́ ríìmù tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 7 ó kéré tán. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára tiyín. Bó bá jẹ́ 6J, ìyẹn íǹṣì 6, kò gbà á. 235 gba 6. Bí ẹsẹ̀ bá sì tóbi tó 31, ẹnjíìnì á máa làágùn, kílọ́ọ̀ṣì á máa jó lórí òkè, bíréèkì ò ní tètè mú, mítà á sì máa kọ 100 nígbà tí ẹ ń sá tó 109. Ti 235 ò ju 102 lọ.

Lára táyà tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀: 102 ń ru kílò 850, 109 ń ru 1,030. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT. 1421 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, pàápàá bí ọkọ̀ yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin fà. Ẹ sì wọn àyè táyà àpamọ́ lábẹ́ bọ́dì ẹ̀yìn kí ẹ tó ra ìkarùn-ún.