Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Máòsì Tó Ń Já Ọ̀rọ̀ Gbà Mọ́ Ara Wọn Lẹ́nu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní yàrá kan ní Agbowó, n'Ìbàdàn, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà níbẹ̀, máòsì tí kò ní wáyà ni gbogbo wọn ń lò, irú kan náà. Bí ọmọ mẹ́ta bá jókòó, kò sí wàhálà. Tí yàrá bá kún fọ́fọ́, ọfà ojú kọ̀ǹpútà á máa fò, á tún dúró gbagidi, ọmọ tó fẹ́ mú ìdáhùn B á bá ara rẹ̀ lórí C. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan mi máòsì rẹ̀, ọfà ẹni tó jókòó tì í ló ń rìn. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Jẹnẹrétọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà tó bá wà lórí ni gbogbo kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ Wi-Fi máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló mú kó jọ pé òun ni. Àìsàn méjì ló wà nílẹ̀ yìí, oògùn wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọfà ẹlòmíràn tó ń rìn ṣáájú. Máòsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí òun àti rìsífà rẹ̀, ike kékeré bí èékánná tí ẹ ń kì bọ ojú USB, jọ mọ̀. Nọ́ńbà yìí máa ń wà lára gbogbo iṣẹ́ tí máòsì bá rán. Rìsífà tí kì í bá ṣe òun ló ni ín á dà á nù. Nítorí náà, tí máòsì bá ń darí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti fi rìsífà ti ibí sí tọ̀hún nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ tàbí tí wọ́n ń kó ẹrù. Ẹ pa gbogbo máòsì láti abẹ́ ikùn wọn, kí ẹ wá máa tàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo kọ̀ǹpútà tí ọfà rẹ̀ mì. Ẹ lẹ tépù funfun, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára máòsì, rìsífà àti kọ̀ǹpútà. Bí máòsì kan ṣoṣo bá mi ọfà méjì, a jẹ́ pé nọ́ńbà méjèèjì bára mu láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ẹ dá ọ̀kan padà fún ẹni tó tà á.

Ti ọfà tó ń fò ló gba sùúrù. Ìgbì 2.4 GHz ni àwọn máòsì yìí ń lò, ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi, Bluetooth àti máíkírówéfù ń tọ̀. Bí ẹ̀rọ méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lójú kan náà, rìsífà kò ní gbọ́, máòsì á sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ títí. Ìdí nìyẹn tí ọfà fi ń dúró, tó sì ń fò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máòsì kúrú púpọ̀. Méjìlá nìkan kò tó láti dí ọ̀nà náà pa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ojú USB tí rìsífà wà. Ṣé aláwọ̀ búlúù ni? USB 3.0 nìyẹn. Intel gbé ìwé kan jáde ní 2012 tó fi hàn pé ariwo USB 3.0 ń bọ́ sórí 2.4 GHz gan-an. Rìsífà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì dísìkì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dà bí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ìlọta, tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ojú dúdú. Èyí tó tún dára jù ni wáyà USB 2.0 tí wọ́n fi ń fa USB gùn, mítà 1, tí ẹ lè rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà ní Queen Cinema. Ẹ fà á wá sórí tábìlì, kí rìsífà jókòó ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí máòsì. Bí ẹ bá dín àlàfo náà kù sí ìdajì, agbára ìgbì tó ń dé ibẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ ni ibi tó burú jù, torí irin àti ẹsẹ̀ ọmọ ló wà láàárín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Wi-Fi. Tí ẹ̀rọ yín bá ní 5 GHz, ọ̀nà mìíràn tí àwọn máòsì yìí kì í tọ̀, ẹ kó àwọn kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀. Tí kò bá ní in, ẹ fi fífẹ̀ ọ̀nà Wi-Fi náà sí 20 MHz nínú ètò rẹ̀, kí ẹ mú ìkànnì 1, 6 tàbí 11. Ẹ ní kí àwọn ọmọ pa hotspot fóònù wọn. MiFi kò gbọdọ̀ sún mọ́ máòsì tó mítà 1.

Bátìrì AA tuntun ń gbé 1.5 V, tí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná bá kà á sí ìsàlẹ̀ 1.2 V, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe gbogbo wàhálà yìí.

Ní tiwa, máòsì oníwáyà ló yẹ yàrá ìdánwò. Kò ní bátìrì tó ń kú, kò sì ní rìsífà tó ń sọnù. Títí ẹ ó fi rí i rà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB fàyè gbà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìyẹn padà. Ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n lè ṣe ìdánwò náà tán láìfọwọ́ kan máòsì.

ÌBÉÈRÈ: Rìsífà máòsì mi sọnù. Ṣé mo lè ra òmíràn fún un?

ÌDÁHÙN: Fún ọ̀pọ̀ máòsì olówó pọ́ọ́kú, rárá o, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti so òun àti rìsífà rẹ̀ pọ̀. Àfi tí ẹ bá rí àmì ìràwọ̀ aláwọ̀ ọsàn Unifying lára máòsì Logitech yín. Ìyẹn lè gba rìsífà Unifying mìíràn, kódà ẹyọ kan lè gba ohun èlò mẹ́fà.