Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Ń Lọ, Iṣẹ́ Ò Parí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Sábó, Ìkòròdú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tì í, síbẹ̀ mi ò lè mú àdéhùn Sátidé ṣẹ. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ṣé kí n máa pa á ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ má pa fóònù o, ìyá wa. Oníbàárà tó bá pè tí kò wọlé lè gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí fóònù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò àdéhùn yín, torí a rò pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Wákàtí mẹ́wàá lẹ fi ń wà ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ fi ń ránṣọ. Ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ máa kọ aago tí ẹ jókòó tì í àti aago tí ẹ dìde. Bí ẹ bá yọ oníbàárà wíwọ̀n, oúnjẹ, wíwá òwú kiri àti títan jẹnẹrétọ̀ kúrò, ká ní ó ku wákàtí 5. Ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ á jẹ́ wákàtí 30. Bí búláùsì àti síkẹ́ẹ̀tì kan bá ń gbà yín ní wákàtí 4, aṣọ 7 lọwọ́ yín ká. Bí ẹ bá wá gba 12, márùn-ún ti yẹ̀ kí ẹ tó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Aṣọ 6 ni kí ẹ ṣèlérí. Àyè keje jẹ́ ti àtúnṣe, àti ti aṣọ òkú tó máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀.

Aṣọ gígé ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ àárọ̀, kí ọjà tó gbóná. Èyí tí a bá rán tí kò tọ́ ṣeé tú, ṣùgbọ́n èyí tí sísọ́ọ̀sì bá ti gé jù kì í hù padà. Ẹ gé ti ọjọ́ méjì pọ̀, kí ẹ sì to àwọn tó ń lo òwú àwọ̀ kan náà tẹ̀ léra wọn. Bọ́tìnì àti etí aṣọ tí a ń fọwọ́ rán, ẹ fi í pa mọ́ di ọ̀sán tí èrò ń wọlé. Ọwọ́ lè máa ṣe ìyẹn kí ẹnu máa sọ̀rọ̀.

Ní ti fóònù, Do Not Disturb, ètò tó ń jẹ́ kí ìpè má dún, wà lórí Android. Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ yín àti ilé ìwé wọn síbẹ̀ kí ìpè wọn máa wọlé, kí ẹ sì ṣí ààyè tó ń jẹ́ kí ẹni tó bá tún pè láàárín ìṣẹ́jú 15 wọlé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú á tún pè. WhatsApp Business náà lè máa fèsì fúnra rẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A wà lórí máṣíìnì. A ó dá yín lóhùn ní aago 12 tàbí aago 4.” Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ní ọjọ́ kẹta, èèyàn á dá oníbàárà kan lóhùn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ torí pé ẹni tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà yẹn ò ní í ka aago 12 sí mọ́.

Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ńkọ́? Kí ẹ tó dìde kí i, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìlà kan sórí bébà kékeré, ẹ fi pínnì há a mọ́ aṣọ náà: “Apá òsì ló kù. Òwú búlúù. Ìdajì íǹṣì.” Ní 2009, Sophie Leroy tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí bọ́ sí òmíràn, apá kan ọkàn wa ṣì ń wà lórí ti àkọ́kọ́. Ní 2018, òun àti Theresa Glomb fi hàn pé bí a bá kọ ibi tí a dé àti ohun tó kàn sílẹ̀ kí a tó dìde, ọkàn á túbọ̀ rójú ṣe èkejì. Bébà tí ẹ máa há mọ́ aṣọ yẹn la fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Odógunyán ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé. Ìdánwò ń bọ̀ ní oṣù mẹ́ta sí i. Mò ń jẹ obì kí n lè kàwé, síbẹ̀ orí ìwé ni mò ń sùn sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé obì alẹ́ yẹn sílẹ̀. Káféènì, èròjà tó ń lé oorun, wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, ó sì ń gba bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára àgbàlagbà. Èyí tí ẹ jẹ ní aago mẹ́sàn-án, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago méjì òru. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Tiyín ò pé tẹ́lẹ̀. Ẹ má tún bù ú kù.

Inú bọ́ọ̀sì ni ìwé kíkà yín wà. Ní Sátidé, ẹ gé páálí wẹ́wẹ́, ẹ kọ ìbéèrè síwájú, ìdáhùn sẹ́yìn, bíi ọgbọ̀n. Nínú ìwádìí tí Roediger àti Karpicke gbé jáde ní 2006, wọ́n dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Ìdí nìyẹn tí àkàtúnkà fi ń tan èèyàn: ó dà bíi pé a ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ so ó mọ́ ibi kan pàtó: “Bí bọ́ọ̀sì bá ti kúrò ní Máìlì 12, màá yọ páálí mẹ́wàá.” Bí ìwé kíkà nínú ọkọ̀ bá ń rìn yín ní èébì, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀: ìbéèrè, ìdákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, ìdáhùn. Etí kan ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, kí fóònù wà nínú àpò. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ sùn.

Èyí tó le jù, ẹ fi sí òwúrọ̀ Sátidé. Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló dá ìlànà kan sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980: ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́, 5 fún ìsinmi, bó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ sinmi dáadáa. Ẹ má fi ìṣẹ́jú 5 náà wo fóònù, kò ní í pa dà sí 5 mọ́. Ẹ dìde, ẹ mu omi.

Láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Mo máa ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ sílẹ̀, ó ń tó ogún, mẹ́rin ni mò ń ṣe. Kí ló fà á?

Ẹ wo ohun tí ẹ kọ. “Ìwé ilẹ̀” kì í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ lè mú. “Kí n pe awọnlẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kí n bi í iye tó máa gbà” ni iṣẹ́. Mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi aago sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyókù lọ sí ẹ̀yìn ìwé. Èyí tó bá ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gé e kéré sí i, tàbí kí ẹ fagi lé e.